Àwọn Ọjọ́ Tó Ṣáájú Ọjọ́ Òdo

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra ọmọ sílẹ̀ láti gba mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ bọ̀. Ó ku mẹ́sàn-án, ó ku mẹ́jọ, ó ku méje. Ọjọ́ tí mùdùnmúdùn náà máa wọ ara ọmọ ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ òdo. Láti ibẹ̀ ni òǹkà á tó máa lọ síwájú, ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, títí dé ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń pè láti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kì í sábà béèrè ju ìbéèrè kan lọ: ṣé wọ́n ti ṣe é? Iṣẹ́ abẹ ló wà lọ́kàn wọn, kí wọ́n gbé ọmọ wọ tíátà, kí dókítà jáde wá, kó ní ó ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ òdo, wọn ò ní ṣe ju kí wọ́n gbé àpò kan kọ́ sórí irin, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ máa kán wọ inú iṣan. Iṣẹ́ ńlá náà, èyí tó léwu, tó sì ń la ọ̀nà fún ìwòsàn, inú àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń kà bọ̀ láti ẹ̀yìn yẹn ló wà. Àwọn ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ó dá mi lójú pé bí ẹbí kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn, ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe lè di ìdíwọ́ fún ọmọ àti fún ìyá tó jókòó tì í.

Oríṣiríṣi àìsàn ló ń gbé ọmọ dé irú yàrá yìí. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí láìní agbára kankan láti bá kòkòrò àìsàn jà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kan ilé Yorùbá jù ni fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní SS. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń lò ni pé bíi 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, àti pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ AS. Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé, àwọn bàbá wa ti rí àwọn ọmọ yìí. Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrósinmí wà lára orúkọ tí wọ́n fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà lónìí pé púpọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú, àìsàn yìí ló pa wọ́n.

Inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó pé máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó. Ti ọmọ SS kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá ti dínkù, á tẹ̀ bíi dòjé, á le, á há sínú iṣan tóóró. Ibi tó bá há sí ni ìrora á ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè há sí eegun, ó lè há sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè há sí ọpọlọ, kí ọmọ ọdún márùn-ún rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ bí àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ṣubú. Oògùn hydroxyurea ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí wọn lára ń ran òmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé mùdùnmúdùn ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tí kò dára, ẹni tó bá fẹ́ kó tán pátápátá ní láti dé ìdí mùdùnmúdùn.

E. Donnall Thomas, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí láti àwọn ọdún 1950. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1990. Ti SS, ojú ibi tí ẹnikẹ́ni kò wò ló ti wá. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ní ìlú Memphis ní SS, ó tún wá ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ náà ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn St. Jude ń lé nígbà tí wọ́n fún un ní mùdùnmúdùn arákùnrin rẹ̀. Jẹjẹrẹ lọ, SS náà bá a lọ. Wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1984. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti tẹ̀ lé e, títí dé ilé wa níbí: ní 2011, Dókítà Godwin Bazuaye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní ìlú Benin fún ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan ní mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àkọsílẹ̀ 1,000 aláìsàn jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, àwọn tó gba mùdùnmúdùn ọmọ ìyá wọn tó bá tiwọn mu láàárín 1986 sí 2013, wọ́n rí i pé nǹkan bí 93 nínú 100 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nọ́ńbà yẹn dùn létí. Síbẹ̀, méje tó ṣẹ́kù yẹn wà lójú òbí tó bá fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé, kò sì sí dókítà gidi tí kò ní kà wọ́n sí i létí kó tó na bírò sí i.

Kí ọmọ tó sùn sínú yàrá yẹn rárá ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nílé, láàárín àwọn ọmọ ìyá. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn láti yẹ àmì HLA wò, àmì tí ara fi ń dá tirẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò. Ìdajì ni ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá, nítorí náà, nínú ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà mẹ́rin, ẹyọ kan ló ṣeé ṣe kó bá aláìsàn mu délẹ̀. Ọmọ mẹ́fà lè wà nílé kí ẹnìkan má bá a mu. Ọbàkan kì í sábà lè bá ara wọn mu ju ìdajì lọ, èyí sì jẹ́ ìbànújẹ́ nínú ilé olórogún tí ọmọ pọ̀ sí. Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu ni pé ẹni tó jẹ́ AS lè fún aláìsàn ní mùdùnmúdùn. Ẹni tó bá jẹ́ SS bíi tirẹ̀ ni kò lè ṣe é.

Bí wọ́n bá wá rí ọmọ tó bá a mu, inú gbogbo ilé á dùn, wọ́n á dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Ibi tí mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin, ta ló bi ọmọ náà léèrè? Nínú ilé tiwa, a kì í bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án léèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A óò ní, ìwọ lẹ̀gbọ́n, àbúrò ẹ lo fẹ́ gbà là, ó parí. Ní Bìrìtìkó, òfin kò gbà kó parí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba mùdùnmúdùn rẹ̀ kò bá tíì tó ẹni tó lè dá ìpinnu ṣe, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ Human Tissue Authority gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹnìkan tí kò sí lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn á sì bá ọmọ àti àwọn òbí sọ̀rọ̀, kó lè mọ̀ bóyá ọmọ yìí mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un àti bóyá wọ́n ń fi ipá mú un. Mo ti gbọ́ kí àwọn òbí wa bínú sí èyí, pé kí ló kan ìjọba nínú ọmọ ìyá méjì. Lójú tèmi, ó dára púpọ̀. Wọ́n máa kun ọmọ yẹn lóorun, wọ́n á dà á dojúbolẹ̀, wọ́n á ki abẹ́rẹ́ gbọọrọ bọ eegun ìbàdí rẹ̀ lẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà láti fa mùdùnmúdùn jáde. Ìbàdí á máa ro ó fún ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ á sì tún òmíràn ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ẹrù tó wà lọ́kàn rẹ̀ lè pẹ́ ju ìyẹn lọ. Bí mùdùnmúdùn náà kò bá jẹ́ lára àbúrò, tàbí bó bá wọ ara tán tó wá dojú ìjà kọ ẹ̀yà ara ẹni tó gbà á, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀, tí àbúrò sì wá kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á rò pé òun ló pa á. Ó yẹ kí ẹnìkan ti jókòó tì í ṣáájú, kó sọ fún un pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ rárá. Kí wọ́n tún un sọ lẹ́yìn náà. Àbúrò tó wà ní ibùsùn ni gbogbo ènìyàn ń ra nǹkan fún. Ẹni tó fi ìbàdí sílẹ̀ náà ń fẹ́ kí wọ́n béèrè òun.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e pọ̀: ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀. Wọ́n á wo eyín pàápàá, nítorí eyín kan tó ti jẹrà lè di ojú ọ̀nà fún kòkòrò nígbà tí kò bá sí ohun tó máa dènà rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Wọ́n á fà lára ẹ̀jẹ̀ ọmọ kúrò, wọ́n á fi ti ẹlòmíràn rọ́pò, kí èyí tó ń tẹ̀ yẹn lè wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30 nínú 100. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan á wá délẹ̀ tí àwọn òbí kì í retí. Oògùn tí wọ́n fẹ́ lò lè pa agbára ìbímọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni o, eyín ọ̀kánkán rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, dókítà sì ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ díẹ̀ lára ilé ẹyin rẹ̀, kí wọ́n fi pamọ́ sínú yìnyín fún ọjọ́ iwájú. Mo mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí létí Yorùbá. Ó wúwo ju ọ̀rọ̀ ikú lọ fún ìyá mìíràn. Àwọn kan máa ń fẹ́ fò ó, pé kí ọmọ yè ná. Ẹ má fò ó. Ọmọ tó bá yè á dàgbà, á sì béèrè ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọn ò ṣe. Níbi tí ìtọ́jú yẹn bá wà, kí ẹ béèrè iye tó jẹ́ àti bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn ọ̀la. Níbi tí kò bá sí, kí ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń fi sílẹ̀.

Ohun tó kẹ́yìn kó tó wọlé ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Hickman. Wọ́n á gba abẹ́ awọ àyà rẹ̀ kọjá dé iṣan ńlá tó wà nítòsí ọkàn, orí rẹ̀ méjì á yọ síta láyà. Ibẹ̀ ni gbogbo oògùn, omi àti ẹ̀jẹ̀ á máa gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n á máa gbà fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Fún ọmọ SS tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ wá iṣan rẹ̀ láti kékeré, tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti sá tán, ìtura gidi ni.

Yàrá náà wá ńkọ́? Ẹnìkan ṣoṣo ló wà fún. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, èkíní gbọ́dọ̀ tì kí èkejì tó ṣí. Ẹ̀rọ kan wà lókè tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru, ó sì ń tì í jáde láti inú yàrá kí eruku òde má bàa wọlé. Òdòdó kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí kòkòrò tó wà nínú omi rẹ̀. Bèbí tí ọmọ fẹ́ràn gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ ìfọṣọ kọjá ná. Ẹni tó bá ń sín tàbí tó ń wúkọ́, ìyá àgbà ni o, pásítọ̀ ni o, kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ibi tó ti ń ṣòro fún wa nìyí, nítorí ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí kò wá wo aláìsàn, wọ́n á rántí rẹ̀. A máa ń kóra jọ ni, a máa ń di ọwọ́ mú, a máa ń gbé oúnjẹ dání. Nínú yàrá yìí, ìfẹ́ ni kí ẹ dúró sílé. Ẹ pè lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, kí ìyá àgbà ki ọmọ ní oríkì láti Òṣogbo bó ti wù ú. Ẹ bá wọn fọ aṣọ. Ẹ lọ mú àwọn ọmọ tó kù nílé wá láti iléèwé. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá béèrè.

Òróró àdúrà kò gbọdọ̀ kan ibi tí Hickman ti wọlé. Àgbo kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọmọ, kódà kí wọ́n ti fi ọwọ́ ọ̀wọ̀ sè é láti ilé bàbá, nítorí kò sí ẹni tó mọ bó ṣe máa bá oògùn inú ẹ̀jẹ̀ pàdé. Mo ń sọ èyí fún àwọn tó ń rọra gbé e wọlé nínú fìláàsì. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ń ru ẹrù tó pọ̀ lásìkò yìí, àgbo tí dókítà kò mọ̀ sí lè já a bọ́. Oúnjẹ náà ní òfin tirẹ̀. Gàrí tí wọ́n fi omi tútù rẹ kò gbọdọ̀ wọlé, ṣúyà ẹ̀bá títì kò gbọdọ̀ wọlé, sàláàdì kò gbọdọ̀ wọlé, ẹyin tí inú rẹ̀ ṣì ń ṣàn kò gbọdọ̀ wọlé. Mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò jáde, tó jinná dénú, ó lè jẹ ẹ́ gbígbóná, bí ilé ìwòsàn bá gbà á láyè. Bí ó bá ti tutù lórí tábìlì, kí wọ́n dà á nù. Ìyá Yorùbá tó ń da oúnjẹ nù! Àwọn ọjọ́ yìí ń kọ́ni ní ohun tí a ò rò.

Lẹ́yìn èyí ni oògùn á bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni kí wọ́n pa mùdùnmúdùn àtijọ́ tán, kí àyè lè ṣí sílẹ̀ fún tuntun, kí agbára tó lè lé tuntun jáde sì rọlẹ̀. Ilé ìwòsàn kan yàtọ̀ sí òmíràn nínú oògùn tí wọ́n ń pa pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan máa ń tún ara wọn pè: fludarabine, busulfan, thiotepa, cyclophosphamide. Ìkọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, àwọn ìyá tó ti gbé inú yàrá yẹn mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ìwà ọmọ. Busulfan lè fa gìrì, nítorí náà wọ́n á ti máa fún ọmọ ní oògùn gìrì ṣáájú. Wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí kan sí òmíràn láti wọn iye oògùn tó wà nínú rẹ̀, nítorí bó bá kéré jù, mùdùnmúdùn àtijọ́ kò ní kú tán. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ á fara gbá a. Cyclophosphamide lè mú inú àpò ìtọ̀ bó, nítorí náà wọ́n á máa da omi sí ọmọ lára, wọ́n á máa jí i lóru kó tọ̀, wọ́n á sì máa wọn ìtọ̀ náà.

Thiotepa ló ń bá ìyá tiwa jà jù. Ó máa ń bá òógùn jáde lára, bó bá sì pẹ́ lórí awọ, á jó o. Wọ́n gbọ́dọ̀ wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ kan, tọ̀sán-tòru, kí wọ́n sì pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Wọn ò gbọdọ̀ fi ìpara kankan pa á lára, títí kan òrí àti àdí, nítorí ìpara á sé oògùn mọ́ abẹ́ ara. Ìyá tó ti ń fi òrí pa ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tó gbà pé ara tó gbẹ jẹ́ ẹ̀gàn fún ìyá, á wá máa wò ó kí ara ọmọ máa funfun, kó sì máa ṣú láwọn abíyá àti ìkòkò ọrùn. Àwọ̀ náà á padà. Kí ẹnìkan sọ fún un ṣáájú pé á padà.

Oògùn kan tún wà, ATG, tí wọ́n ń ṣe láti ara ehoro. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé, ibà lè dé, ara lè máa gbọ̀n, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè jábọ́. Nọ́ọ̀sì á dúró ti ibùsùn, á máa wo ìwọ̀n ooru ara àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti gbọ́ pé oògùn ehoro ni. Òun ni ìtàn kan ṣoṣo tó dùn nínú gbogbo rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà kò bìkítà fún HLA. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí àbúrò òun máa wá, bóyá wọ́n á gún òun lónìí, àti ìdí tí ìyá òun fi ń pẹ́ ní balùwẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n nígbà tó bá jáde. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bá ọmọ ṣeré: á gbé bèbí tí wọ́n ti fi Hickman sí láyà wá, á jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ fa oògùn sínú sìríńjì, kó fi tọ́jú bèbí. Iṣẹ́ ńlá ni mo kà á sí. Ọmọ tó ti ṣe dókítà fún bèbí máa ń gbà kí wọ́n fọwọ́ kan òun. A fẹ́ràn láti máa sọ fún ọmọ pé kò ní dùn ẹ́. Bó bá wá dùn ún, irọ́ wa ti mú kó má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ nínú yàrá tí kò ti lè sá lọ. Kí a sọ fún un pé ẹnu máa dun ẹ́, egbò lè yọ síbẹ̀, oògùn wà fún ìrora náà, bó o bá ti ń gbọ́ ìrora kí o pè. Kí a sọ fún un pé irun orí ẹ máa re, á sì tún hù. Pé bóò bá lè gbé oúnjẹ mì, wọ́n á fi rọ́bà kan gba imú ẹ wọ ikùn. Ọmọ máa ń gba òótọ́ ju bí àgbà ṣe rò lọ.

Lórí àga tó ń ṣí di ibùsùn ni ìyá ń sùn. Ẹ̀rọ tó ń fún ọmọ ní omi á máa ké lóru, á dìde, á tẹ̀ ẹ́, á pe nọ́ọ̀sì. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti ń béèrè ìgbà tó máa padà. Bàbá wà nílé pẹ̀lú àwọn tó kù, ó ń pààrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, bó bá jẹ́ irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Ó ní alẹ́ kan tó máa ń dé bá ìyá tó bá wà níbẹ̀, nígbà tí oògùn ti wọlé tí kò sì ṣeé yọ mọ́: mùdùnmúdùn àtijọ́ ti ń kú lọ, tuntun kò tíì dé. Àwọn dókítà á ti ṣàlàyé fún un ṣáájú pé láti ibẹ̀ kò sí ẹ̀yìn, pé bí ẹni tó fẹ́ fi mùdùnmúdùn sílẹ̀ bá yí ọkàn padà tàbí tó ṣàìsàn, ẹ̀mí ọmọ wà nínú ewu. Ọ̀rẹ́ tó bá pè é lálẹ́ yẹn kò nílò láti sọ púpọ̀. Kó má ṣáà béèrè bóyá ó ní ìgbàgbọ́. Ó ní in. Ohun tó fẹ́ ni ẹni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nílé wa, ìṣòro mìíràn wà lórí ìwọ̀nyí. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ kú, ṣùgbọ́n iná wa ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbàkúùgbà tí ọmọ bá nílò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì máa fà sí i gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán kọjá ná. Owó rẹ̀ ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹbí ọmọ Nàìjíríà fi gbé ọmọ lọ sí Íńdíà, tí àwọn mìíràn sì lọ sí Róòmù, níbi tí àwọn dókítà ti fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní SS ní mùdùnmúdùn. Inú mi dùn pé iṣẹ́ náà ti ń padà bọ̀ wálé. Ní Ìdí-Àràbà, Sickle Cell Foundation Nigeria, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀, ti bá ilé ìwòsàn LUTH dá ibùdó kan sílẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétọ́lá Kassim, ọmọ wa, ti ń ṣiṣẹ́. Òun wà lára àwọn tó ń lo mùdùnmúdùn tó bá aláìsàn mu ní ìdajì péré, irú èyí tí bàbá tàbí ìyá lè fi sílẹ̀. Ọ̀nà yẹn, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ dáadáa ní Baltimore, ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá a mu. Ìtọ́jú tuntun tó ń tún jíìnì aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe, tí Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, kò nílò ẹlòmíràn rárá. Ṣùgbọ́n busulfan ni wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀, nínú irú yàrá kan náà, pẹ̀lú òǹkà kan náà.

Ọjọ́ òdo á dé. Ẹ̀gbọ́n á lọ sí tíátà láàárọ̀, wọ́n á gbé àpò náà wá lọ́sàn-án, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀ yòókù. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó ti wọlé tán. Kò sí ẹni tó ń darí rẹ̀: fúnra àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ni wọ́n á wá ọ̀nà dé inú eegun. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun tuntun ti ń jáde, àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ni egbò ẹnu ń le jù, ibà ń wá, tí ọmọ kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè yí padà sí irú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti fún un láti ọjọ́ ìbí, ara rẹ̀ á ti gbàgbé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ wọn lákọ̀tun lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Àwọn tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá wọn mu ńkọ́, pàápàá àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò fún láyè? Ìwé orúkọ àwọn tó gbà láti fi mùdùnmúdùn sílẹ̀ fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ni wọ́n máa wò. Shirley Nolan ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ àkọ́kọ́ lágbàáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1974, nígbà tó ń wá fún ọmọ rẹ̀, Anthony. Ọmọ náà kú ní 1979 láìrí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tọ́jú irú ìwé yìí ní nǹkan bí 79 nínú 100 òyìnbó ló lè rí ẹni tó bá a mu délẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 29 ni. Jíìnì àwa ọmọ Áfíríkà yàtọ̀ síra wọn ju ti àwọn yòókù lọ, a kò sì pọ̀ nínú ìwé náà. Ṣẹ́un Adébíyìí, agbẹjọ́rò tó kàwé ní Yale, ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ gbé dè ní 2009 tí kò rí ẹni tó bá a mu. Òun ló ṣètò ìwé àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Enugu ní 2012.

Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 sí 30, lè forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Anthony Nolan, àjọ tó ń tọ́jú ìwé tí Shirley Nolan bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi igi kékeré tí òwú wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí i nílé, á fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, á dá a padà. Ọ̀pọ̀ kì í gba ìpè kankan láé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá pè kò ní dé tíátà: wọ́n á gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á wá jókòó sórí àga fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ̀rọ máa fa ẹ̀jẹ̀ láti apá kan, kó máa dá a padà sí èkejì. Orúkọ náà á wà nínú ìwé títí tí ẹni náà á fi pé ọdún 61.